Òkìkí Òjijì: Ẹ Jẹ́ Ká Ka Fídíò Gangnam Style Bí Ìwé

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n ní ká rà. Fídíò orin kan ni a fẹ́ kà bí ìgbà tí a ń ka ìwé ìtàn. A ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀, a ó wo ẹni tó ṣe é, a ó wo bó ṣe tàn ká gbogbo ayé, lẹ́yìn náà a ó bi ara wa pé kí ló kàn wá níbẹ̀.

Orúkọ fídíò náà ni Gangnam Style. Ẹni tó kọ ọ́ ni PSY, ọmọ Gúúsù Kòríà. Nígbà tó jáde lọ́dún 2012, ọmọ kékeré ni àwa tí a wà ní SS, àwọn mìíràn ní JSS kò tíì dáyé. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọwọ́ kan lé èkejì níwájú àyà bí ẹni tó di ìjánu ẹṣin mú, tó wá ń tọ sókè sódò, gbogbo wa la mọ ijó tó ń jó.

Ìdí tí mo fi yan fídíò yìí ni pé ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa jù: "Mo fẹ́ blow." Ní kíláàsì, lójú ọ̀nà, nídìí ẹ̀rọ omi, òun náà ni. A fẹ́ di gbajúmọ̀, a sì fẹ́ kó jẹ́ lọ́la. Bí a bá máa sọ̀rọ̀ òkìkí òjijì, ṣàṣà ni àpẹẹrẹ tó tó èyí. Òun ni fídíò àkọ́kọ́ lórí YouTube tí iye ìgbà tí wọ́n wò ó pé bílíọ̀nù kan. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

KÍ NI OJÚ RÍ NÍNÚ FÍDÍÒ NÁÀ?

Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Cho Soo-hyun ló darí rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, PSY na gbalaja sórí àga, ó lo awò dúdú, ọmọbìnrin kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń wò ó á rò pé olówó kan ló ń gba atẹ́gùn létí òkun. Kámẹ́rà wá sún sẹ́yìn. Háà! Inú yanrìn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni bàbá náà wà, ọmọkùnrin kékeré kan sì ń jó níwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ títí. Ó ń rìn láàárín àwọn arẹwà obìnrin méjì bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ìjì ń da pàǹtí lù wọ́n lójú. Ó wà níbi tí iná ti ń tàn yòò bí ilé ijó, ìgbà tí a ó fi wò ó dáadáa, bọ́ọ̀sì ni, àwọn ìyá àgbà ló sì kún inú rẹ̀. Ó lọ sílé ìwẹ̀ olóoru, ó gbé orí lé èjìká ọkùnrin gìrìwò kan tó fín ara, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ó jó nílé ẹṣin. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ibi tó ti ń fi gbogbo agbára kọrin pẹ̀lú ojú líle, tí kámẹ́rà wá fi hàn wá pé orí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà.

Ẹ kíyè sí i pé ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò léraléra. Ojú á kọ́kọ́ rí ọlá, lẹ́yìn náà ojú á rí òótọ́. Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, a ti gbọ́ nípa ewì ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lè má bú ènìyàn lójú gbangba. Ó máa ń ṣe bíi tẹni tó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì máa ń ṣe é ní àṣejù, kí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rántí pé ìwà àwọn fúnra wọn ló ń ṣe. Ohun tí PSY ṣe nìyẹn. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ẹni tí a ń rín.

TA NI Ó Ń FI ṢẸ̀FẸ̀?

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ ká mọ Gangnam. Àdúgbò kan ni ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "gúúsù odò", odò tí wọ́n sì ń wí ni odò Han tó gba àárín ìlú kọjá. Kó tó di àwọn ọdún 1970, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀, ewébẹ̀ àti èso ni wọ́n ń gbìn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba la títì, wọ́n ṣe afárá, wọ́n kọ́ ilé alájà púpọ̀, wọ́n sì tún kó àwọn ilé ìwé girama tó lórúkọ kúrò ní apá kejì odò wá síbẹ̀. Àwọn òbí wá ń wá ilé síbẹ̀ nítorí ilé ìwé. Owó ilẹ̀ fò sókè. Láàárín ìran kan ṣoṣo, oko di àdúgbò olówó.

Nígbà tí ibì kan bá di àdúgbò olówó, àwọn tí kò gbé ibẹ̀ náà á fẹ́ ṣe bí ará ibẹ̀. Lákòókò yẹn ní Kòríà, àwàdà kan wọ́pọ̀ nípa ẹni tó máa jẹ núdù olówó pọ́ọ́kú lọ́sàn-án, kí owó lè ṣẹ́ kù láti ra kọfí olówó gọbọi tí gbogbo ènìyàn máa rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ikùn ń pariwo, ọwọ́ ń ṣe fújà. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni PSY ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ìgbé ayé Gangnam ni òun ń gbé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó yí i ká ń sọ pé irọ́ ni: yanrìn ọmọdé, bọ́ọ̀sì ìyá àgbà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá.

Ẹ gbọ́ ná, ibi tó dùn jù rèé. Ọmọ Gangnam gidi ni PSY. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìdílé tó rí jájẹ ló sì ti wá. Nítorí náà, kì í ṣe pé inú ń bí i sí olówó. Ó mọ ilé náà láti inú, ó sì mọ ẹni tó ń dibọ́n.

BÁWO LÓ ṢE TÀN KÁ?

Fídíò náà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2012. Àwọn ará Kòríà ló kọ́kọ́ gbà á. Kò pẹ́, àwọn olórin Amẹ́ríkà bíi T-Pain àti Katy Perry sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Twitter. Ní oṣù Kẹsàn-án, PSY ti ń kọ́ Britney Spears ní ijó ẹṣin lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹwàá, ó dé ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Ban Ki-moon tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ náà, tó jẹ́ ọmọ Kòríà bíi tirẹ̀, bá a jó díẹ̀. Orin náà dé ipò kejì lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje, bẹ́ẹ̀ èdè Kòríà ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ó kọjá orin Baby ti Justin Bieber, ó di fídíò tí wọ́n wò jù lórí YouTube. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ó pé bílíọ̀nù kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù Keje sí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá jẹ́ ọjọ́ 159. Báwo ni nǹkan ṣe lè yára tó bẹ́ẹ̀? Ká ní ẹnì kan wò ó, ó fi han ènìyàn 3. Àwọn 3 náà fi han 3-3, ó di 9. Lẹ́yìn náà ó di 27, ó di 81. Ní ìgbésẹ̀ kẹwàá, ó ti di 59,049. Ní ìgbésẹ̀ kẹtàlá, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ní ìgbésẹ̀ kọkàndínlógún, 1,162,261,467 ni. Ẹ ò rí i? Ìgbésẹ̀ 19 péré! Ìṣirò yìí kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí ẹnì kan lè wò ó ní ogún ìgbà, ẹlòmíràn kò sì ní fi han ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ ìdí tí òkìkí fi máa ń dà bí iná ọyẹ́. Ó máa ń jó díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ó fi gbójú sókè, ó ti gba gbogbo igbó.

Àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, tiyín rèé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, YouTube kéde pé iye ìgbà tí wọ́n wo Gangnam Style ti mú kí àwọn pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka iye náà. Iye tó pọ̀ jù tí ti tẹ́lẹ̀ lè kà ni 2,147,483,647. Kí ló dé tó jẹ́ iye yẹn gan-an? Kọ̀ǹpútà ń fi 0 àti 1 nìkan kàwé. Àyè 32 ni wọ́n fún òǹkà náà. Ọ̀kan wà fún àmì àròpọ̀ tàbí àyọkúrò, ó ku 31. Ẹ fi 2 lọ́po ara rẹ̀ títí tó fi di 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí ẹ yọ 1 kúrò, iye náà lẹ máa rí. Wọ́n wá sọ ọ́ di àyè 64. Ọ̀rọ̀ ìṣirò tí a ń sá fún ní kíláàsì, òun ló wà nídìí orin tí a ń jó sí.

ỌDÚN MỌ́KÀNLÁ TÓ WÀ LẸ́YÌN ỌJỌ́ 159

Níbi tí a dé yìí, ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Oṣù márùn-ún péré!" Ẹ mú sùúrù. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni náà fúnra rẹ̀.

Park Jae-sang ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún 1977 ni wọ́n bí i, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 34 ni nígbà tí fídíò náà jáde. Kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì jọ àwọn ọ̀dọ́ olórin Kòríà tí wọ́n máa ń ṣa ojú wọn. Ọdún 2001 ló ṣe àwo orin àkọ́kọ́ rẹ̀. Ìjọba ní kó san owó ìtanràn nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2002, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ ta àwo rẹ̀ kejì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 19. Lọ́dún yẹn kan náà, orin rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Champion gbayì ní ìlú rẹ̀. Ó lọ sìnlú gẹ́gẹ́ bí òfin wọn. Ìjọba ní kò ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n ní kó tún un ṣe lọ́dún 2007, ó sì wọ aṣọ ológun títí di 2009. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé iṣẹ́ orin YG lọ́dún 2010, ó tún ṣe àwo karùn-ún. Inú àwo kẹfà ni Gangnam Style wà.

Ijó ẹṣin náà kò já bọ́ látọ̀run. PSY àti àwọn tó ń bá a ṣètò ijó dán ijó àwọn ẹranko mìíràn wò, wọ́n dán ti panda wò, wọ́n dán ti kangaroo wò, kó tó di pé wọ́n fara mọ́ ti ẹṣin. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó! Ọmọ ọdún márùn-ún lè jó o, ìyá àgbà lè jó o. Ohun tó rọrùn láti jó bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti dá sílẹ̀.

Ẹ tún ṣe ìṣirò: ọdún 11 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 4,015. Tí a bá fi ọjọ́ 159 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 25. Fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ayé rí, ọjọ́ 25 ló wà tí ayé kò rí. Òkìkí náà dé lójijì lóòótọ́. Ẹni tí òkìkí náà bá ni kò dé lójijì.

"ṢÙGBỌ́N PSY NÁÀ FI ILÉ ÌWÉ SÍLẸ̀"

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ ọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ó lọ sí Boston University ní Amẹ́ríkà láti kọ́ nípa òwò, kò parí rẹ̀. Ó lọ sí Berklee College of Music nílùú kan náà, kò gba oyè níbẹ̀ náà. Tí mo bá fi èyí pamọ́, mo ti parọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan méjì. Èkíní, ibi tó sá lọ nígbà tó fi ẹ̀kọ́ òwò sílẹ̀, ilé ìwé ni, ilé ẹ̀kọ́ orin. Kò sá fún ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tó bá a lára mu ló wá lọ. Èkejì, bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Tí orin kò bá gbè é, ilé bàbá wà tó lè padà sí. Ẹni tí ó ní ìyẹ́ méjì lè fi ọ̀kan ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lọ ilé ìwé yìí, tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láàárọ̀, ìyẹ́ kan péré làwọn òbí wa rí dá fún wa.

Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, n kò ní dárúkọ. Ó mọ ijó jó ju gbogbo wa lọ, ẹ ò lè bá mi jiyàn. Ó sọ fún mi pé owó WAEC tí ìyá òun ń dá ní èsúsú, òun fẹ́ bẹ màmá náà kí wọ́n fi ra fóònù tó ní kámẹ́rà gidi fún òun, nítorí pé tí fídíò kan péré bá ti gbéra, ọ̀rọ̀ parí. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: "Tó bá gbéra, kí lo máa ṣe tẹ̀ lé e?" Ó dákẹ́. Ìbéèrè yẹn ni mo bá wá sídìí pátákó yìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kó dáhùn.

LẸ́YÌN ARIWO

Ìbéèrè yẹn dé bá PSY náà. Lóṣù Kẹrin ọdún 2013, ó gbé orin Gentleman jáde. Gbogbo ayé sáré wò ó, ó dé ipò karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Èèyàn mìíràn á fò fáyọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé Gangnam Style ti wà, ńṣe ni àwọn kan ń sọ pé kò tó ti àkọ́kọ́. Ohun tó gbé e ga ni wọ́n fi ń wọn án. Ní oṣù Keje ọdún 2017, orin See You Again ti Wiz Khalifa àti Charlie Puth gba ipò fídíò tí wọ́n wò jù lọ́wọ́ Gangnam Style. Kò pẹ́ tí òmíràn fi gba ti ìyẹn náà. Oyè òkìkí kì í ṣe oyè ìdílé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó ń ṣọ́ ọ fún ẹlòmíràn ni.

Ṣé PSY wá parẹ́? Rárá o. Nítorí pé iṣẹ́ ló mọ̀ kí òkìkí tó dé, iṣẹ́ náà ló padà sí. Ó dá ilé iṣẹ́ orin tirẹ̀, P Nation, sílẹ̀ lọ́dún 2019, ó ń tọ́ àwọn olórin mìíràn. Lọ́dún 2022, òun àti Suga ti ẹgbẹ́ BTS ṣe orin That That. Ní 2022 yẹn, ọdún 21 ti kọjá sí ìgbà tí ìjọba bu owó ìtanràn lé e.

KÍ LÓ KÀN WÁ?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jó, kó má kọrin, kó má ya fídíò. Èmi náà ń wo fídíò, dátà mi ń jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo ń sọ kò ju mẹ́ta lọ.

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ ká di ẹni tí fídíò náà ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Tí a bá dúró ti mọ́tò olómọ́tò ya fídíò bí ẹni pé tiwa ni, tí a yá bàtà, tí a yá fóònù, a ti wà nínú yanrìn ọmọdé, a ń rò pé etí òkun ni. Kámẹ́rà máa sún sẹ́yìn lọ́jọ́ kan.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò. Tó o bá fẹ́ di oníjó, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wákàtí mélòó lo fi dánra wò lọ́sẹ̀ yìí, má kọ iye ènìyàn tó tẹ ọkàn pupa sábẹ́ fídíò rẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká fi ìwé mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe nítorí pé àwọn olùkọ́ wa ń kà á lórí pátákó o. Ẹni tó bá gbajúmọ̀ máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó máa ka iye owó, ó máa bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè kà á, ẹlòmíràn ló máa bá a kà á, ẹni náà á sì mú tirẹ̀ níbẹ̀.

ÌDÁNRAWÒ

1. Dárúkọ ibi mẹ́ta nínú fídíò náà tí ohun tí ojú kọ́kọ́ rí kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

2. Tó bá jẹ́ pé ènìyàn 4 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi han dípò 3, ìgbésẹ̀ mélòó ni yóò kọjá bílíọ̀nù kan? Ẹ má lo ẹ̀rọ ìṣirò o.

3. Wá ewì ẹ̀fẹ̀ kan tí o mọ̀ ládùúgbò yín. Ìwà ta ni ó ń bá wí?

4. Èyí kò ní máàkì: bí òkìkí bá kan ilẹ̀kùn rẹ lọ́la, kí lo ní nílé tí o máa fi gbà á lálejò?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé pélébé, kí ẹ sọ ọ́ sínú àpótí Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó bá dára jù, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.